Àsíá Orí Pósí Fergal Toman

Ní ọdún 1971, àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì já ilẹ̀kùn ilé àwọn Toman ní ìwọ̀-oòrùn Belfast. Fergal ni wọ́n wá mú, ṣùgbọ́n Fergal ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Malachy àbúrò rẹ̀ ni wọ́n bá lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbé e bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ló lò ní àtìmọ́lé Long Kesh láìfojú kan ilé ẹjọ́. Ìbọn kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó rí lọ́wọ́ àwọn tó mú un. Ẹni tó nítìjú ì bá sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó jáde. Malachy kò sọ nǹkan kan. Ó jẹ́ kí wọ́n máa ra ọtí fún òun, ó ń mi orí bí ẹni tí àṣírí wúwo lọ́rùn. Láti ìgbà náà ni kò ti níṣẹ́ mìíràn ju ìsìnkú lọ. Òun ló ń tọ́jú àsíá aláwọ̀ mẹ́ta ti Ireland, fìlà àti ìbọ̀wọ́ dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sórí pósí àwọn ọmọ ogun IRA, àwọn tó ń fi ìbọn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà, òun náà ló ń sọ̀rọ̀ létí ibojì. Ibì kan náà ni ohùn rẹ̀ ti máa ń gbọ̀n nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ ibẹ̀ lórí.

Fergal, bàbá mi, ló jà. Ó pa èèyàn, ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sì fi ìkankan nínú rẹ̀ ṣe ìtàn. Nígbà tí jẹjẹrẹ dá a dùbúlẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ níṣojú Eithne ìyá mi.

"Malachy, má fi àsíá bò mí o."

"Ẹ̀gbọ́n, kí làwọn èèyàn á wí?"

"Kí wọ́n wí ohun tó bá wù wọ́n. Bí òkú yòókù ṣe ń lọ ni mo fẹ́ lọ. Ṣèlérí fún mi."

Malachy ṣèlérí. Ó tilẹ̀ sunkún sí i. Ẹkún kì í wọ́n an.

Láàárọ̀ ìsìnkú, a jáde, a bá àsíá lórí pósí, fìlà àti ìbọ̀wọ́ lórí rẹ̀, Malachy níwájú, ó na àyà.

"O ṣèlérí fún un," ni ìyá mi wí.

"Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ohun tó ń sọ mọ́ nígbà yẹn. Ti ìjà ni òkú yìí, kì í ṣe tilé nìkan."

"Ìjà wo lo jà, ọkọ mi? Ṣebí orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti gbé ẹ."

Àwọn ará àdúgbò wolẹ̀. Malachy ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ní ká máa lọ.

Fáda kì í jẹ́ kí ohun ogun wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́nu géètì ni wọ́n ti ń ká àsíá fún ará ilé òkú, kí ó mú un dání títí Máàsì á fi parí, kí wọ́n tó tún tẹ́ ẹ. Malachy na ọwọ́. Àwọn tó ká a kọjá lára rẹ̀, wọ́n gbé e fún opó, bí wọ́n ti ń ṣe. Nínú gbogbo òkú tí Malachy ti sin, kò sí opó tí kì í dá a padà. Ìyá mi kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì ọjà, ó gbé báàgì fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyẹn sì wọ táàsì lọ.

Máàsì parí.

"Àsíá dà, ìyàwó wa?"

"Ó ti relé."

"Ilé wo?"

"Ilé tìẹ. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́. Bí igi lásán ni pósí bàbá mi ṣe wọ ilẹ̀.

Fáda ṣàdúrà tán, àwọn èèyàn kọrí sídìí ọkọ̀ wọn. Malachy fa ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ nínú àpò, ó sì kà á sí ẹ̀yìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi tó ti máa ń gbọ̀n.