Ọmọ Ajá Tó Ké Lọ́wọ́ Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ilé àfáà tí wọ́n bí mi sí ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n bí ajá mi bá ti bímọ, tí òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù gba yàrá, ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi ni mo máa ń rántí.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà, aládùúgbò wa tó ń sin ajá Alsatian, ní kí n wá bá òun di tówẹ̀lì mú bí ajá òun ṣe ń bímọ. Ọmọ kẹfà jáde, kò mí. Ni Bàbá bá ki imú ọmọ ajá náà bọ ẹnu ara rẹ̀, ó fa omi inú rẹ̀, ó tu ú dànù. Ẹnu mi ò lè padé.

“Ọmọ àfáà, ṣé o fẹ́ kírun sí i lára ni? Fi tówẹ̀lì ra á!”

Mo ń ra á, mo ń sunkún, àfi yín-ín lọ́wọ́ mi!

“Akọ ò ní gun ìyá rẹ̀ mọ́ láéláé,” ni Bàbá wí. “Ó ti bímọ tó.”

Èmi náà ń sin ajá báyìí, mo sì ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń sin ajá kì í lè dúró, nítorí owó ọmọ ajá.

Nílé, mo jẹ́wọ́. Bàbá mi fi yẹ̀pẹ̀ àti omi fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀meje, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní kí á wẹ ẹ̀gbin ajá kúrò. Mo ń retí pàṣán.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, ó fà mí lọ́wọ́ dé ilé Bàbá Ìjẹ̀ṣà, ó lóṣòó ti àwọn ajá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ké lọ́wọ́ ọmọ mi?”