Nígbà Tí Mo Fẹ́ Sá fún Òkun ní Ajégúnlẹ̀

Mo ra túùbù táyà tírélà mẹ́fà nítorí òkun. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi jẹ́wọ́, torí àwọn tí a jọ gbé ilé kan náà ní Ajégúnlẹ̀ nígbà yẹn ṣì wà láyé, ẹnu wọn ò sì dákẹ́. Ọwọ́ fọ́kanáísà kan ní Malu Road ni mo ti rà wọ́n. Ó bi mí pé irú ọkọ̀ wo ni mo fẹ́ fi wọ́n sí. Mo ní kì í ṣe ọkọ̀, ìdílé mi ni. Ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ìyàwó mi, mẹ́rin fún àwọn ọmọ. Ó wò mí títí, ó lẹ ibi tó ń jò, ó fẹ́ wọn kún. Mo háyà ọmọlanke, a sì kó wọn lọ sílé ní ọ̀sán gangan, níṣojú gbogbo ayé.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Sítọ́kípà ni mí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road, ní Àpápá. Ìwé mi ò kọjá ilé ìwé mọ́dà, nítorí náà ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn sókè, mo máa ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Ẹ́jẹ́ǹtì kan wà tó máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can. Tí tírélà rẹ̀ bá wà lórí ìlà fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀dọ̀ wa ló ń jókòó sí, ìwé ìròyìn ló sì ń kà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó kà á pé èéfín tí aráyé ń rú ti bo ojú ọ̀run bíi búláńkẹ́ẹ̀tì, pé ooru ayé ń pọ̀ sí i, yìnyín tó wà ní òpin ayé ń yọ́, òkun á sì máa ga díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí àwọn ìlú etí òkun ṣọ́ra láti ìsinsìnyí títí di ọdún pípẹ́.

Ọdún pípẹ́ yẹn ni mi ò gbọ́. Òkun ni mo gbọ́. Ajégúnlẹ̀ ni mo sì ń gbé, níbi tí òjò ìṣẹ́jú márùn-ún ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Mo gbà lọ́kàn mi pé Ọjọ́bọ̀ ni òkun máa dé. Èmi náà ò mọ ìdí tó fi jẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Mo so àwọn túùbù náà rọ̀ sókè àjà yàrá. Ọjọ́bọ̀ dé, òkun ò dé. Ooru ló dé. Páànù ilé wa gbóná débi pé ọ̀kan nínú túùbù náà bẹ́ lọ́sàn-án, ìró rẹ̀ bí ìbọn. Ìyàwó mi, tó jẹ́ télọ̀ tó sì ń lo yàrá iwájú fún ṣọ́ọ̀bù, sá jáde sí títì pẹ̀lú bùbá oníbàárà tí kò tíì rán ju apá kan lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ará ilé ti sọ mí ní Kápútéènì. Bí mo bá ń lọ wẹ̀ láàárọ̀, ẹnìkan á ní, "Kápútéènì, which day we go sail?"

Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó báyìí, ó yẹ kó jáwọ́. Rárá o. Ńṣe ni mo pinnu pé túùbù ò tó, àfi ká kó lọ sí ìlú bàbá mi lórí òkè. Mo lọ bá bàbá onílé, mo ní a máa kó kúrò. Bàbá arúgbó ni, ọmọ àwọn tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí èbúté tó dé, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní òun gbọ́, òun fún wa ní oṣù mẹ́ta, ẹnìkan tilẹ̀ ti ń bẹ òun fún yàrá méjèèjì. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ló gbọ́ ọ lẹ́nu ará ilé. Ọjọ́ ìmọ́tótó ni. Àwọn yòókù ń gbálẹ̀, èmi sì ni olórí iná ilé wa. Pàǹtí tó tutù kì í gbiná, nítorí náà mo máa ń gé táyà àlòkù sí i, kí n tó ṣáná. Èéfín á dúdú, á ga, àdúgbò kejì á mọ̀ pé ilé wa ti tún ilé ṣe. Mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ìyàwó mi dúró níwájú mi pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó ní ọdún mọ́kànlá lòun fi wá oníbàárà níbí, pé lórí òkè yẹn, ṣé àpáta lòun máa rán aṣọ fún? Mo ní ẹ̀mí ju oníbàárà lọ. Ó ní kí n tún sọ fún òun, kí ló ń mú kí òkun ga?

Mo ṣàlàyé fún un bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní èéfín ni.

"Èéfín ta ni?"

Mo ní ti gbogbo ayé. Ó na sísọ́ọ̀sì sí imú mi, tí eérú táyà bò.

"Ẹ̀yin lẹ ń pe òkun, ẹ̀yin náà lẹ tún ń sá fún un."

Mo fẹ́ fèsì, ikọ́ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Sátidé kejì, mi ò dáná. Mo gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí gbogbo ilé máa da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n bá gbá sínú rẹ̀. Ìgò àti agolo lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń rà wọ́n. Ọ̀rá nìkan ni kò rí ibi lọ, ìyàwó mi ló ní ká máa fọ̀ ọ́ ká tún fi lọ ọjà. Kòtò náà rùn lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi gan-an sínú ẹ̀. Mo da ewé gbígbẹ àti iyanrìn lé e, òórùn náà rọlẹ̀. Wọ́n ní Kápútéènì don turn farmer.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí Warehouse Road dípò kí n wọkọ̀. Mo máa ń kọjá lára àwọn tírélà tó tò sójú kan, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń kùn nígbà tí awakọ̀ ń sùn. Mo kan ilẹ̀kùn ọ̀kan, mo ní bí kò bá kúkú lọ, kó pa á. Ó bi mí bóyá èmi ni mo ra epo dísù fún òun. Nígbà tí mo padà lọ́jọ́ kejì, ó ti pa á. Inú mi dùn títí mo fi gbọ́ pé dísù ló tán. Ní ọ́fíìsì, bí ọ̀gá bá rìnrìn àjò, èmi ni mo ń pa ẹ́síì tó ń fẹ́ sí àga lásán. Ẹ́jẹ́ǹtì wa fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ́síì kan ló máa dá òkun dúró? Mo ní mi ò mọ̀, àmọ́ mo ti ń rí oorun sùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló bá mi mú àgbọn mẹ́rin tó ti hù bọ̀ láti Badagry. Mo gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé, mo fi ilẹ̀ dúdú inú kòtò sí ìdí wọn.

Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ń tán lọ. Ẹ̀rù òkun ti kúrò lára mi, ẹ̀rù bàbá onílé ló kù. Báwo lèmi ṣe máa lọ sọ fún àgbàlagbà pé mo ti yí ọ̀rọ̀ padà, lẹ́yìn tó ti fún ẹlòmíràn ní ìrètí? Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn ń dá aṣọ tuntun padà fún àwọn oníbàárà, ó ń ní kí wọ́n lọ wá télọ̀ mìíràn, mo sì ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, bàbá onílé dé. Mo rò pé ó wá wo yàrá tó máa gbé fún ẹlòmíràn ni. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Kò wo yàrá. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó dúró níwájú àwọn àgbọn yẹn, ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àgbọn ló kún etí omi ibí, abẹ́ rẹ̀ làwọn máa ń sùn bí oòrùn bá mú. Ó bi mí pé ọdún mélòó ló máa gbà kí èyí tó so. Mo ní, "Baba, bíi mẹ́fà sí méje, bó bá fẹ́ràn ibẹ̀."

Ó ní kí n pe ìyàwó mi wá láti ìdí ẹ̀rọ. Ó dúró títí ó fi dé, kí àwa méjèèjì lè jọ gbọ́ ọ.

"Ẹni tó ń retí yàrá yín, mo ti ní kó lọ wá ibòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò kì í gbin àgbọn."