Ife Tíì Kejì

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ nínú tíì gbígbóná, orúnkún mi á fẹ́ kanlẹ̀.

Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Sáúdí, là ń gbé nígbà náà. Sójà àtijọ́ kan, ará Íjíbítì, ni aládùúgbò wa. Àmù ni àwa ọmọdé ń pè é, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń pe arákùnrin bàbá wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi ní kí n gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún un. Ife tíì méjì ló wà lórí tábìlì, méjèèjì ń rú èéfín, ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú ìkejì, ṣùgbọ́n àga kejì ṣófo.

“Àmù, ta ló ni èyí?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni, ará Rọ́ṣíà. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìbọn já bàálù lulẹ̀.”

Ìyá mi ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ kí àgbà kan kí n fi èkejì sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga náà, Yorùbá ló sì bọ́ lẹ́nu mi: “Ẹ káàsán, sà.”

Àmù bú sẹ́kún.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé aṣọ sójà Íjíbítì ni wọ́n wọ̀ fún àwọn ará Rọ́ṣíà tó wá ran Íjíbítì lọ́wọ́ nígbà tó ń bá Ísírẹ́lì jagun, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé wọ́n wà lójú ogun náà rárá.

“Dìde, ọmọ mi,” ni Àmù wí. “Láti ọjọ́ tó ti kú, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó kí i.”