Ohùn Bàámi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í ṣe àkùkọ ló máa ń jí wa láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Dùùrù Bàámi ni. Kí Màámi tó dáná, Bàámi á ti jókòó sídìí ẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò pénpé, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa nu eyín dùùrù náà. Aṣọ tútù tí mo ti fún dáadáa ni mo fi ń nù ún, àti funfun àti dúdú, mi ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dún. Bó bá ṣèèṣì dún pẹ́nrẹ́n, Bàámi á pariwo láti bálùwẹ̀ pé, "Bísọ́lá, ìyẹn ò sí nínú orin o!"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà láyé ìgbà yẹn, ẹ mọ̀ pé jùjú àti fújì ló gba ìgboro kan. Orin tí Bàámi àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì ń ṣe ò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Jáàsì ni wọ́n ń pè é, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ò kọrin nínú ẹ̀, wọn kì í ki olówó kankan, èèyàn ò sì mọ ibi tó yẹ kó ti gbẹ́sẹ̀ jó o. Ìyá àgbà tó bí Bàámi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Imusin lọ́jọ́ kan. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n gbọ́ ọ fún odidi wákàtí kan, wọ́n wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún Màámi pé, "Ìyàwó, ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀?"

Olùkọ́ ìṣirò ni Bàámi. Bọ̀ọ̀dá Múfú tó ń lu ìlù òyìnbó fún wọn, télọ̀ ni, ọmọ Ayépé. Bọ̀ọ̀dá Sólà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, òun ló ń ta jìtá ńlá kan báyìí tó dúró bí èèyàn, tó sì ga ju òun alára lọ. Tó bá ń gbé e bọ̀ nílé wa, àwọn ọmọ àdúgbò á tẹ̀ lé e, wọ́n á máa bi í bóyá ẹnì kan wà nínú ẹ̀. Á ní, "Ìyàwó mi ni, ó ń sùn."

Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti Màámi á wà ní ẹ̀yìnkùlé, a ó máa rin ewùrà tá a máa fi se ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà a máa yún mi lọ́wọ́ débi pé màá fẹ́ ya awọ ara mi. Màámi á fi epo pupa pa á fún mi, wọ́n á ní, "Ọwọ́ tí ò bá yún kì í jẹ ìkọ́kọrẹ́." Òórùn ẹja gbígbẹ àti epo á gba gbogbo ilé, ìlù Bọ̀ọ̀dá Múfú á máa ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò tó ń sẹ̀ sórí páànù. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn ìkọ́kọrẹ́, etí mi ló kọ́kọ́ máa ń là kí ẹnu mi tó pomi.

Tí ilé ìwé bá gba ìsinmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ sí sítúdíò kan ní Èkó láti gba orin wọn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, ọdún kan sí èkejì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé, àwọn méjì yòókù á fẹ́ kó jáde, Bàámi á mirí. Wọ́n á ní, "Kò tíì jinná." Bọ̀ọ̀dá Múfú á figbe ta: "Kí ló kù tí ò jinná? Ó ti fẹ́ẹ́ jóná!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jẹun, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ọdún tí mo wọ ìwé karùn-ún ni ojú Bàámi ṣàdédé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo ọsàn. Wọn ò jẹun mọ́. Bí wọ́n bá jókòó sídìí dùùrù, wọ́n kàn máa gbọ́wọ́ lé e ni, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù nígbà tí òjò ń rọ̀, òjò náà ò sì tíì dá tí Bọ̀ọ̀dá Sólà fi gbé bàtà wọn padà wálé fún wa. Bàtà yẹn ni mo rí tí mo fi mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Ìjẹ̀bú-Imusin ni wọ́n sin wọ́n sí. Màámi ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń kí àwọn èèyàn, wọ́n ń bu oúnjẹ, wọ́n ń ní kí n kí alàgbà lágbájá. Nígbà tó di Sátidé, mo ki aṣọ bọ omi, mo fún un, mo lọ nu eyín dùùrù. Sátidé kejì, mo tún nù ún. Ní ẹ̀kẹta, mo bá a pé Màámi ti tì í pa, wọ́n sì ti fi aṣọ bò ó. Mo lọ sá aṣọ tútù ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Bọ̀ọ̀dá Múfú àti Bọ̀ọ̀dá Sólà wá bá Màámi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣa àwọn tó dáa jù nínú orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, káwọn fi ṣe àwo kan. Màámi kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ pé kò tíì jinná. Ta ló wá sè é lẹ́yìn ẹ̀?"

Bọ̀ọ̀dá Múfú bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀. "Ìyàwó wa, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹni tí ì bá sè é ti lọ. Ṣé ká wá dà á nù ni?"

 Bọ̀ọ̀dá Sólà wá sọ pé kí ọkàn wọn balẹ̀, pé onísítúdíò ní òun máa wá ẹlòmíì tó mọ dùùrù tẹ̀, tó máa bá wọn tún ibi tí Bàámi ti ṣì í ṣe. Màámi dìde fùú.

"Ẹlòmíì? Kí ẹlòmíì wá gbé ọwọ́ lé ibi tí ọkọ mi gbé ọwọ́ lé?" Wọ́n nàka sí dùùrù. "Tẹ́ ẹ bá máa gbé e jáde, ibi tó ti ṣì í, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe ṣì í."

Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ kí àwo náà tó jáde. Ẹ̀yìn Bàámi ni wọ́n yà sí ara páálí ẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú dùùrù, a ò rí ojú wọn. Àwọn ará ìjọ wa rà á. Ọ̀gá ilé ìwé Bàámi ra méjì, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbọ́ ọ. Àánú ni ọ̀pọ̀ fi rà á, mi ò sì rò pé ó yé wọn ju bó ṣe yé Ìyá àgbà lọ.

Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Múfú mú wá fún Màámi lọ́tọ̀ ló jọ wọ́n lójú ju àwo náà lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kan ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣa orin, wọ́n bá ibi tí Bàámi ti sọ̀rọ̀ láàárín orin méjì. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwo, wọ́n gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fún wọn. Tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Màámi á gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń gbé etí lé ilẹ̀kùn, àmọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń kùn lásán ni mo ń gbọ́.

Kíláàsì wa lọ kọrin nínú ètò àwọn ọmọdé lórí rédíò. Wọ́n ní ọjọ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ kí n lè máa fi yangàn fún àwọn ọmọ àdúgbò. Màámi wà lọ́jà. Mo wá kásẹ́ẹ̀tì, mo rí ọ̀kan tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Mo kì í bọnú ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ bí mo ṣe máa ń rí i kí Bàámi ṣe é. Inú mi dùn débi pé mò ń jó.

Ní Sọ́ńdè, mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bí mo ṣe máa ń wà. Mo gbọ́ tí orin àwọn ọmọdé bú jáde. Ó pẹ́ kí Màámi tó pa á. Wọ́n tún un tẹ̀. Orin náà tún jáde.

Ẹ̀yin náà mọ ẹgba ìgbà yẹn. Ẹni tó fọ́ àwo abọ́ lásán á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ sókè títí òógùn á fi bo ojú ẹ̀. Mo ti mọ̀ pé tèmi ti parí. Mo gbé pankẹ́rẹ́ kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù fúnra mi, mo kúnlẹ̀ síwájú Màámi, mo nà án sí wọn. Wọ́n gbà á. Wọ́n wò ó. Wọ́n dìde, wọ́n dá a padà síbi tó wà, wọ́n ní, "Lọ bu omi wá fún mi." Wọ́n mu ún tán, wọ́n lọ ń ṣa ìrẹsì. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta retí ẹgba yẹn. Wọn ò nà mí. Tí wọ́n bá nà mí ni, ara ì bá tù mí.

Bọ̀ọ̀dá Múfú tìtorí ẹ̀ lọ sí Èkó. Nígbà tó dé, ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé. Ó ní wọ́n ti gba orin ẹlòmíì sórí téèpù sítúdíò tí ohùn Bàámi wà tẹ́lẹ̀. Màámi kàn mirí.

Lẹ́yìn náà ni Bọ̀ọ̀dá Múfú sọ pé, "Ìyàwó wa, mo gbọ́ ọ tó ìgbà ogún nígbà tá à ń ṣà á. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín." Ó gbé ojú sókè bíi ti Bàámi, ó rẹ́rìn-ín láti imú bíi tiwọn. Ó ní, "Múfú, o tún ti ń sáré! Ta ló ń lé ẹ? Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ká máa lọ sílé. Ìyàwó mi ò ní tíì jẹun, á máa dúró dè mí."

Ibẹ̀ ni Màámi ti sunkún. Wọ́n sun ún tó fi jẹ́ pé àwọn aládùúgbò sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹlòmíì ló tún kú. Èmi náà fi orí pa mọ́ sí ẹ̀yìn wọn, mo ń sunkún, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n fà mí mọ́ra.

Bọ̀ọ̀dá Múfú àti Bọ̀ọ̀dá Sólà ti re ibi àgbà ń rè. Ayé òde òní sì dáa lọ́nà yìí: ohùn ò wọ́n mọ́. Ọmọ mi obìnrin ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́. Mo máa ń gbọ́ ìdajì, màá ní tí mo bá ráyè màá gbọ́ ìyókù. Ohùn àwọn tó ti kú pàápàá wà lórí fóònù wa, a kì í rántí ṣí i. Láyé tiwa, èèyàn á ti ilẹ̀kùn kó tó gbọ́ ohùn kan ṣoṣo.

Màámi ti di arúgbó báyìí. Nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, èmi àti wọn jókòó níwájú ilé, à ń wo àwọn tó ń kọjá. Wọ́n ṣàdédé yíjú sí mi. "Bísọ́lá, ohùn bàbá ẹ, ṣé ó rinlẹ̀ ni àbí ó tínrín? Ó ti ń bọ́ mọ́ mi lọ́kàn."

Mo ní, "Ó rinlẹ̀, Màámi."

Mi ò mọ̀. Mi ò rántí ohùn náà mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹn-ẹ́n, ó rinlẹ̀ lóòótọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń wo títì lọ.