Ipò Ìyàwó Mi Tí Wọ́n Fi Mí Sí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Àpómù fún yín. N kò rí ara gbé e kalẹ̀ ni. Ẹ fi sùúrù kà á.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ìyàwó mi, Ìyá Tolú, ṣaláìsí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Àìsàn rẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Kí ó tó lọ, òun àti àwọn mélòó kan ní Ìkirè níbí ti kọ sọ́fítíwià kan tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aboyún. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè wò ó, kí ó sì tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì náà wà níbẹ̀, ìyẹn èmi. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n máa kọ ìwé ìpàdé lọ. N kò mọ ìlà kan nínú ohun tí wọ́n ń kọ sínú kọ̀mpútà.

Ìlànà kan ni wọ́n ń tẹ̀lé. Àtúnṣe kankan kò lè wọlé àfi tí ẹni tí apá ibẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ bá tẹ bọ́tìnnì pé òun gbà á. Apá ìforúkọsílẹ̀ aboyún, ọwọ́ Ìyá Tolú ló wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a pinnu pé ká sọ ara wa di ẹgbẹ́ gidi: ká ní ìwé òfin, ká fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Lọ́jọ́ tí a jókòó ní gbọ̀ngàn ìjọ wa láti pín ipò, ó kan apá Ìyá Tolú. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí, alága wa, ló sọ pé kó wà lọ́wọ́ Bàbá Tolú. Ó ní ta ni ọkàn rẹ̀ á gbà kó fi ẹlòmíì síbẹ̀? Wọ́n ní òótọ́ ni. Àwọn kan nu ojú. Èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. N kò ro nǹkan kan.

Ṣé ẹ rí ohun tí a ṣe? Nítorí àánú, a kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn lọ́wọ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń jẹun bí Tolú bá gbé e síwájú mi. Fóònù mi á dún, n kò ní wò ó. Kò sí ibi tó ń dùn mí, kò sí ohun tó ń wù mí. Ohunkóhun tí mo bá sọ nípàdé, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo tilẹ̀ rò pé mo ti ń gbọ́n sí i ni.

Nígbà tí ìwé òfin parí, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún Nọ́ọ̀sì Risi ní Àpómù kó fọwọ́ sí i, torí pé ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mo ra dòdò dání fún un, mo wọ ọkọ̀. Ọjọ́ àwọn aboyún ni mo bá a. Àwọn obìnrin jókòó lórí bẹ́ńṣì. Mo rí i tí Risi ń tẹ nǹkan sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, tó sì tún ń fi báírò kọ nǹkan kan náà sínú ìwé ńlá kan.

Mo bi í pé kí ló dé tó ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má da ara yín láàmú, sà," ló sọ. "Ó ti mọ́ mi lára ni."

Obìnrin kan lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún bàbá. Kọ̀mpútà yín ti so èmi àti ìyáálé mi pọ̀ di ẹyọ kan."

"Ó kúkú dáa fún ọkọ wa," ni ìyáálé náà sọ, tòun ti ikùn rẹ̀ níwájú. "Oúnjẹ ẹnìkan ni yóò máa fún wa."

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́ ná, ìyáálé mi. Èmi á máa wò yín."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Risi.

Òun ló wá là á yé mi. Nọ́ńbà fóònù ni sọ́fítíwià náà fi ń dá aboyún mọ̀. Ìyá Tolú ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìdí: àwọn obìnrin máa ń sọ káàdì nù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà ọkọ wọn sórí. Ohun tí kò rò ni pé ìyàwó méjì lè mú nọ́ńbà ọkọ kan náà wá, kí àkọsílẹ̀ wọn sì dàpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyáálé yìí ń ru. Lóṣù tó kọjá, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín oògùn, ti ìyàwó kékeré ló wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sì dáa. Ó ti mú ọ̀nà ilé pọ̀n láìgba oògùn kí Risi tó rántí ojú rẹ̀, tó sì sáré pè é padà.

Mo bi í bóyá kò sọ fún Dámiọ́lá, tíṣà kọ̀mpútà tó máa ń ṣe àtúnṣe fún wa.

"Ó ti ṣe é tipẹ́, sà."

"Kí ló wá dá a dúró?"

Ó ń to káàdì tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ bọ́tìnnì. A ní ká má tíì yọ yín lẹ́nu. A ní ká jẹ́ kí ara yín kọ́kọ́ balẹ̀."

Mo yọ fóònù. Àtúnṣe náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń dúró dè mí. Ìlà tí wọ́n fẹ́ yọ wà ní pupa, èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ wà ní àwọ̀ ewé. Orúkọ ìyàwó mi ló wà lókè ìlà pupa.

Mo pe Dámiọ́lá. Ó ní ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, tèmi nìkan ló kù. Ó tún ní, "Dádì, a ò pa iṣẹ́ màmá rẹ́ o. Nọ́ńbà ọkọ ṣì wà níbẹ̀. A kàn fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ ni."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo retí pé nǹkan kan á ṣe mí. Kò ṣe mí. Mo jókòó ti Risi títí di ọ̀sán, mo ń ka ìwé ńlá náà sókè fún un, òun sì ń tú àkọsílẹ̀ àwọn ìyàwó ọkọ kan náà ká. N kò jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé òfin. Mo gbé e padà sílé.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo ní mo fi ipò náà sílẹ̀, mo sì ka ohun tí mo fẹ́ ká fi kún òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ipò nítorí ọkọ, aya tàbí òbí. Ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀, ká fún un ní ìsinmi, kí ẹlòmíì dúró fún un. Àtúnṣe tó bá kan ìlera aláìsàn, bí ẹni tó yẹ kó gbà á kò bá fèsì láàrin ọjọ́ méje, kí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ gbà á.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí ní kò sí àánú nínú irú òfin yìí. Ó ní àwọn èèyàn á sọ pé a lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ ìyàwó mi. Mo bi í pé ìyáálé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ńkọ́, ta ló ṣàánú rẹ̀?

Dámiọ́lá nawọ́. Mo rò pé ó fẹ́ gbè mí ni.

"Ọjọ́ méje ti pọ̀ jù, Dádì. Ọjọ́ méjì ló yẹ kó jẹ́."

Mo ní ọjọ́ méjì kò tó ẹni tó rin ìrìn àjò. Ó ní aboyún kò ní dúró de onírìn-àjò. Mo bá a jiyàn gan-an. Wọ́n dìbò, mo pàdánù.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá Tolú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé rárá. Mo kọ ọjọ́ méjì sínú ìwé. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bá wà láàrin yín, ẹ jókòó tì í, ẹ gbé oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíì so mọ́ kẹ́ ẹ, ẹ má sì fi òótọ́ pa mọ́ fún un.

Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tàbí níbi iṣẹ́ yín rí? Àbí ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń dákẹ́ fún? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá sì rò pé mo ṣì ọ̀rọ̀ sọ, kó sọ fún mi.