Ẹ̀fọ́rí Tó Dá Èébú Mọ́ Mi Lẹ́nu

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó mi ń gún iyán lọ́wọ́, èmi náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, ìyẹn ni pé mo jókòó sórí àpótí, mo ń bú iyán náà. Ní Ààyè-Èkìtì tí a ń gbé, kò sí ọkùnrin tó mọ iyán bú tó mi. Mo ní, "Kókó inú iyán yìí dà bíi..."

N kò lè sọ ohun tó dà bí. Àfi bí ẹni pé ẹnìkan gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó sì fi gún mi lágbárí. Orí kò fọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí láyé. Mo bì, ojú mi kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ mo ń ṣàlàyé pé ibà ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ibà ni gbogbo nǹkan títí wọ́n á fi sin èèyàn.

Ìyàwó mi bẹ aládùúgbò wa kan tó ní mọ́tò, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan lápá Ìdó.

Dókítà tó wá bá mi níbi tí wọ́n tẹ́ mi sí, obìnrin ni, kò dàgbà ju àbígbẹ̀yìn mi lọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Báwo lara ṣe rí?"

"A dúpẹ́."

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Ẹni tí igi wó lù náà á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná.

"Ìgbà wo ni orí yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ fún mi pé bí orí bá ń fọ́ èèyàn lódì, wọ́n máa ń ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fa omi. Mo wá rò ó pé ẹ̀fọ́rí tuntun ni wọ́n á máa gún. Èyí tó ti pẹ́, wọ́n á fún un ní parasẹ́támọ̀, yóò máa lọ sílé.

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, dókítà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá."

Ó ní kí n fi àgbọ̀n kan àyà. Ọrùn mi kọ̀.

"Bí ọrùn àwa tó ń ru iṣu ṣe máa ń rí nìyẹn," ni mo wí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, tó bá jẹ́ pé àárọ̀ yìí ló dé lójijì, a ó tètè fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jò yí ọpọlọ ká, yóò hàn. Àmọ́ tó bá ti di ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ náà lè ti ṣá, kí àwòrán má rí i. A jẹ́ pé a ó fi abẹ́rẹ́ gba omi lẹ́yìn yín wò."

Èmi tí mò ń sá fún abẹ́rẹ́, mo ti fẹsẹ̀ ara mi lọ jókòó lé e lórí. Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa dín ọjọ́ mẹ́ta náà kù nígbà tí ìyàwó mi dá sí i.

"Dókítà, ẹ má dá bàbá yìí lóhùn. Àárọ̀ yìí ni. Wọ́n ń bú iyán mi lọ́wọ́ ni, wọn ò sì parí ẹ̀. Látìgbà tí mo ti wọlé wọn, wọn ò bú nǹkan kù rí."

"Wọ́n dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀?"

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan péré."

Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. "Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn, Mà. Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

Mo fẹ́ mi orí, ọrùn kò jẹ́. Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

Nínú ihò ẹ̀rọ náà, mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé n kò ní bú iyán mọ́. N kò dárúkọ ọbẹ̀. Èèyàn kì í ṣèlérí tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán náà hàn mí, ẹ̀jẹ̀ tí mo mọ̀ sí pupa láti kékeré, funfun ló ṣe níbẹ̀, ó tàn ká abẹ́ ọpọlọ mi. Dókítà ní ká ní mo gba parasẹ́támọ̀ lọ sílé ni, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ nínú orí mi lè tún bẹ́, kí n má sì jí mọ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí wọ́n ti dí ojú ibi tó ń jò.

Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó tún jókòó ti iyán ní Ààyè. Ìyàwó mi gbé e síwájú mi, ó sì jókòó kọjú sí mi.

"Bàbá wọn, ẹ parí ẹ̀. Ó dà bíi kí ni?"

Mo wo iyán náà. Kókó méjì wà níbẹ̀, mo rí wọn dáadáa.

"Ó kúnná," ni mo wí.

Ó wá dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ lórí okùn.

"Ẹ dìde, ká padà lọ bá dókítà."