Má-Jókòó àti Àwòrán Ìyá Rẹ̀

Má-Jókòó ni àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ń pe obìnrin náà bó bá ti kẹ́yìn. Lójú rẹ̀, Àǹtí ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ kí onífọ́tò tó yà á: kó wá àga tó bá ògiri mu, kó tẹ́ aṣọ sórí ibùsùn bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀, kó gbé òdòdó síbi tí ìmọ́lẹ̀ á ti rí i. Bó bá ti tò ó tán, ẹni tó bá fẹ́ fìdí kan àga, ohùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́: "Má jókòó síbẹ̀." Orúkọ náà sì bá òun alára mu, nítorí ìdí rẹ̀ kì í gbé ojú kan.

Ẹni tó bá ń fi ohun tó lòde jẹun, ìsinmi di ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tó wọṣẹ́, funfun ló lòde: ògiri funfun, aṣọ ibùsùn funfun, kódà ìwé orí tábìlì, ńṣe ni wọ́n ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ pa mọ́ kí àwọ̀ rẹ̀ má ba fọ́tò jẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n ní funfun ti jọ ti ilé ìwòsàn jù, ni wọ́n bá kó àwọ̀ amọ̀ dé, pẹ̀lú àga onígi tí wọn ò fá dán àti aṣọ tó rún. Má-Jókòó tó ti ń fi gbogbo agbára lọ aṣọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ rún un. Ìgbà tó mọ̀ ọ́n rún tán, dúdú àti àwọ̀ wúrà tún wọlé. Tó bá délé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró; àga àná kì í sí níbi tó wà lánàá. Ọkọ rẹ̀ a máa ní òun á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ilé ara òun, kí òun lè bèèrè ibi tí ibùsùn wà lónìí.

Àwàdà ni gbogbo rẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi wá bá wọn gbé. Aránṣọ ni ìyá náà nígbà ayé ojú rẹ̀. Ní báyìí òjìji ló ń rí. Á mọ̀ pé ènìyàn dúró níwájú òun, kò ní mọ ẹni náà àfi tó bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló fi ń mọ̀nà nínú ilé: ẹ̀yìn àga, etí tábìlì, ògiri, ilẹ̀kùn. Má-Jókòó gbìyànjú fún ìgbà díẹ̀, kò ṣí ohunkóhun nídìí. Àmọ́ adìẹ ló bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó sún àga kan ṣoṣo sí ẹ̀bá fèrèsé, ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ìyá jáde láti yàrá, ó na ọwọ́ sí ibi tí àga máa ń wà, ọwọ́ bọ́ sófo, ó sì ṣubú. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ kán.

Ìyá ò bá a jà. Ìgbà tí dókítà ń di ọwọ́ náà lọ́wọ́ ló bèèrè pé, "Ṣé àga yẹn tiẹ̀ dára níbẹ̀?" Dókítà rẹ́rìn-ín. Má-Jókòó ò lè rín in.

Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ fi ìyá sílẹ̀ nílé lóun nìkan mọ́. Ibi iṣẹ́ ló ń mú un lọ. Bàbá olótẹ́ẹ̀lì kan ti gbé iṣẹ́ ńlá fún un: kó sọ ilé náà di tuntun, kí àwọn ọmọge wọ aṣọ ìgbàlódé, kí wọ́n ya fọ́tò wọn nínú àwọn yàrá, kí wọ́n sì yan àwòrán kan tí wọ́n máa gbé kọ́ síbi tí àlejò ti ń wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n fi ìyá jókòó sí igun kan. Bí wọ́n ṣe ń gbé iná láti ibì kan sí ibòmíì, tí àwọn ọmọge ń mu omi, ìyá dìde. Ó fi ọwọ́ tí wọ́n dì mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tọ ògiri aláwọ̀ amọ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì bà lé e lójú. Onífọ́tò, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ò pè é. Ó kàn tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tí Má-Jókòó rí fọ́tò náà, ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ onífọ́tò. Látọjọ́ tó ti ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́, kò rí àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Èyí gan-an ni," olótẹ́ẹ̀lì ní. "Ojú ènìyàn gidi ló lòde báyìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ga tó ògiri."

Gbogbo ọ̀sán yẹn, Má-Jókòó ò lè dúró sójú kan. Ó to ohun tó ti tò, ó tún tú u. Ìgbà tí wọ́n délé ló tó sọ ọ́.

"Màmá, wọ́n ya fọ́tò yín. Wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì."

"Tèmi? Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ fọwọ́ kan ògiri. Ìmọ́lẹ̀ wà lójú yín. Ó rẹwà gan-an."

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń wá," ìyá ní. "Mo pè ọ́, o ò gbọ́. Ṣé bí ẹ ṣe máa gbé e kọ́ nìyẹn, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa wò mí níbi tí mo ti ń wá ọ̀nà? Èmi ò sì ní rí wọn."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Iṣẹ́ rẹ ni. O bi mí, mo dáhùn."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Má-Jókòó lọ bá olótẹ́ẹ̀lì. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ìyá òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́.

"Àbúrò mi," bàbá náà ní, "ṣebí Màmá ò ríran. Ta ló máa sọ fún un?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un bí abẹ́rẹ́. "Èmi ni, sà," ó ní. "Èmi ló máa ń bi ní ohun tó wà nínú ilé."

Bàbá bínú. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kejì tó ti ṣèlérí fún un, ẹlòmíì ló gbé e fún. Onífọ́tò ní tirẹ̀ wá sílé wá bẹ ìyá kó jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́, torí kò ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá ní, "O ò ṣẹ̀ mí. Ohun tó o rí lo yà. Tó o bá tún máa yà mí, sọ fún mi, kí n múra." Ó wọ aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán nígbà tí ojú ṣì mọ́lẹ̀, ó jókòó ṣánṣán, ó le ojú koko. Onífọ́tò ní kó túra ká díẹ̀. Ìyá ní bí òun ṣe fẹ́ rí nìyẹn. Fọ́tò náà gan pa bíi ti ìwé ìrìnnà. Ọwọ́ ń yún Má-Jókòó láti tún ọrùn aṣọ ìyá ṣe, láti yí àga díẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ìyá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ọmọ òun. Olótẹ́ẹ̀lì rí i, ó ní kò wu òun, ó ra àwòrán onílà gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó gbé ìyẹn kọ́.

Àmọ́ àwòrán àkọ́kọ́ tí onífọ́tò fi ránṣẹ́ ṣì wà lórí fóònù Má-Jókòó. A máa ṣí i wò, ojú á tì í, á pa á dé. Kò ní pẹ́ tó máa tún ṣí i.

"Fọ́tò ògiri yẹn ńkọ́?" ìyá bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ó wà lọ́wọ́ mi, Màmá."

"Sọ ọ́ fún mi, bó o ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìmọ́lẹ̀, ó sọ àwọ̀ ògiri, ó sọ bí aṣọ ṣe wó lé èjìká. Ìyá ń mi orí pé òun ń gbọ́. Ìgbà tó dé ibi ọwọ́, ìyá dá a dúró.

"Báńdéèjì ò bà á jẹ́?"

"Kò bà á jẹ́. Òun ló jẹ́ kí ènìyàn máa wò ó."

"Ó dáa. Tọ́jú ẹ̀. Àmọ́ má fi han ẹnikẹ́ni."

Fóònù dún bó ṣe ń dáhùn. Olótẹ́ẹ̀lì mìíràn ni, ó ní àwọ̀ ewé ló lòde báyìí, ọ̀la ni òun fẹ́ rí i. Ọ̀la ò tíì dé, Má-Jókòó ti ń wá bàtà rẹ̀.